Róbà ṣáàfù tó ń ya, táyà tó ń họ fẹ́ńdà: 4Runner tí wọ́n gbé sókè

Olóko-Ìjerò

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti onítáyà tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ náà jẹ́ 4Runner 2006, V6, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi sípésà (àfilé tó ń mú ọkọ̀ ga) gbé iwájú sókè ní íǹṣì 3, ẹ̀yìn ní íǹṣì 2. Táyà 285/70R17 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lórí wíìlì tí kì í ṣe ti Toyota. Ọ̀nà oko kòkó ló ń tọ̀ jù.

Róbà ṣáàfù iwájú, ìyẹn èyí tó di gírísì mọ́ oríkèé ọ̀pá tó ń yí wíìlì, ń ya, gírísì ń fọ́n sí inú wíìlì àti sí ara lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó gbé wíìlì). Wọ́n ti pààrọ̀ ti apá òsì, ó sì tún ti ya níbi kan náà. Ìkejì, bí a bá ń fẹ̀yìn rìn tí a yí sítíárìn dé òpin, táyà ń họ nǹkan lápá ẹ̀yìn fẹ́ńdà. Tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá sì wọ kòtò, ó ń gbá nǹkan lókè gbàgà. Èwo ni kí á kọ́kọ́ mú? Ẹnì kan ní kí á tún gbé e sókè sí i kí táyà lè ráyè.

Mẹkáníìkì-Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú oko o. Ẹ má tún gbé e sókè rárá. Gíga yẹn gan-an ló ń jẹ róbà yín.

Férémù ni dífù iwájú (ilé jíà tó ń pín agbára fún wíìlì méjèèjì) so mọ́. Tí ẹ bá fi sípésà sí orí ṣọ́kì, férémù àti dífù á lọ sókè, wíìlì á dúró nílẹ̀. Ṣáàfù tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ láti dífù dé wíìlì á wá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́dọ̀ jọ́íǹtì ìta (oríkèé ṣáàfù tó wà lọ́dọ̀ wíìlì), ìṣẹ́po róbà tó wà lókè á fún mọ́ra, ti ìsàlẹ̀ á là. Bí ṣáàfù ti ń yí, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan á fún, á sì là, lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo ìyípo. Tí ìṣẹ́po kan bá ti ń fi ara kan èkejì, ilẹ̀ pupa wa yìí á bọ́ sáàárín wọn, iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ á sì máa rẹ́ ẹ bí ayùn. Ohun tó ya ti àkọ́kọ́ náà ló ya èyí tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe pé róbà tuntun ni kò dára.

Ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́, ẹ tọ́ sítíárìn sí ọ̀gangan, ẹ tan iná sábẹ́ fẹ́ńdà. Tí àwọn ìṣẹ́po òkè bá ti kan ara wọn nígbà tí ọkọ̀ kàn dúró jẹ́ẹ́, igun yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ wọn ibi àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà ní apá òsì àti apá ọ̀tún, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ ní mílímítà. Nọ́ńbà yẹn ni a ó fi mọ ohun tí a ń ṣe, kì í ṣe ohun tí oníṣòwò sípésà sọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn kò bá ti fi sí 4WD, ṣáàfù iwájú ń sinmi. Lórí 4Runner yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní họ́ọ̀bù tí a ń fi ọwọ́ tú. Bí wíìlì bá ti ń yí, ṣáàfù ń yí, yálà ọ̀nà ọ̀dà ni o tàbí inú ẹrẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ní họ́ọ̀bù tí a ń fi ọwọ́ yí sí FREE, bí àwọn Hilux àtijọ́ kan, ni ṣáàfù wọn lè dúró.

Awoṣáàfù-Adó

Òótọ́ ni ọ̀gá Ìkẹ́rẹ́ sọ. Kí n fi ìṣirò sípésà kún un, nítorí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ṣọ́kì kò jókòó sí ìdí wíìlì, nǹkan bí àárín lower arm ló jókòó sí. Nítorí náà sípésà tó nípọn tó íǹṣì 1 lórí ṣọ́kì ń gbé ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí íǹṣì 2. Èyí tó wà lórí ọkọ̀ yín yóò jẹ́ bí íǹṣì kan àti àbọ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí íǹṣì 1, iwájú á wá sílẹ̀ sí bí íǹṣì 2, ìṣẹ́po róbà á sì ya ara wọn sọ́tọ̀. Owó kékeré ni ní ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù odidi.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sókè, kó yọ ṣọ́kì kó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń to sípésà méjì léra wọn, àwọn mìíràn tún fi òmíràn sí inú sípíríǹgì. Bí wọ́n bá ti dé àyè kan, upper arm (apá irin òkè tó gbé wíìlì) á máa gbá sípíríǹgì nígbà tí wíìlì bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ball joint (oríkèé oníbọ́ọ̀lù) òkè náà á sì dé òpin.

Àwọn kan tún máa ń sọ dífù kalẹ̀: wọ́n ń ta sípésà tó nípọn bí mílímítà 25 pẹ̀lú bólútì tó gùn, tí a ń fi sí àárín férémù àti ìdè dífù. Ó ń dín igun kù díẹ̀. Ẹ ó nílò wáṣà lábẹ́ skid plate (irin tó bo abẹ́ dífù) náà, kí dífù má baà máa kan án.

Mẹkáníìkì-Ìkẹ́rẹ́

Bọ̀ọ̀dá mi, lórí ti dífù yẹn, mi ò fara mọ́ ọn pé kó jẹ́ àkọ́kọ́. Mílímítà 25 yẹn, iwájú dífù nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dúró síbi tó wà. Dífù á kàn tẹ̀ síwájú, ẹnu tí ṣáàfù gbà wọlé kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ sún sísàlẹ̀. Kí á kọ́kọ́ dín gíga kù sí íǹṣì 2 tàbí 2 àti àbọ̀. Tí ìṣẹ́po bá ṣì ń kanra, nígbà náà ni kí á tó sọ̀rọ̀ dífù.

Awoṣáàfù-Adó

Mo gbà fún yín, ọ̀gá. Gíga ni kó ṣíwájú. Ẹni tí kò bá fẹ́ dín gíga kù nítorí ẹrù ni kó gbé ti dífù yẹ̀ wò.

Onítáyà-Ajílòsùn

Ẹ jẹ́ kí á wo táyà náà, nítorí àwọn ènìyàn kì í ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó ra á.

Nínú 285/70R17, 285 ni ìbú táyà ní mílímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú yẹn, ìyẹn 199.5. 17 ni wíìlì ní íǹṣì, ìlọ́po 25.4 rẹ̀ jẹ́ 431.8. Ẹ kó ẹ̀gbẹ́ méjì pọ̀ mọ́ wíìlì: 399 àti 431.8, ó di 830.8 mílímítà láti òkè dé ilẹ̀. Táyà 265/65R17 tí ilé iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ irú yìí jẹ́ 776.3. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 54.5. Ẹ pín in sí méjì: táyà yín ti sún mọ́ fẹ́ńdà ní mílímítà 27, síwájú, sẹ́yìn àti sókè. Ìbú rẹ̀ náà fi mílímítà 10 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń bí àwọn ènìyàn nínú nígbà tí mo bá sọ ọ́ ni pé gbígbé ọkọ̀ sókè kò fi àyè kún un nígbà tí sípíríǹgì bá wọlé tán. Sípésà ń gbé ibi tí ọkọ̀ dúró sí sókè, kò gbé ibi tí wíìlì lè dé sókè. Tí ẹsẹ̀ kan bá gun òkúta tàbí tó já sí kòtò, táyà á gòkè títí yóò fi kan bump stop (róbà tó ń dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró), ibi kan náà tí ì bá kàn ká ní ẹ kò gbé e sókè rárá. Ariwo gbàgà tí ẹ ń gbọ́ lókè nìyẹn. Ẹ lè gbé e sókè ní íǹṣì 6, tí táyà bá tóbi ju inú fẹ́ńdà lọ, yóò kàn án.

Ẹ bá wa wo ẹ̀yìn wíìlì, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí ET ṣáájú rẹ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ rí fún wa.

Olóko-Ìjerò

Ẹ ṣé gan-an. ET 0 ló wà lára wíìlì. Láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà, òsì 578, ọ̀tún 565. Àwọn ìṣẹ́po òkè kan ara wọn ní apá méjèèjì. Ìró kankan kò sí nínú jọ́íǹtì tí a bá yíjú. Ibi tó ń họ, ike inú fẹ́ńdà ti ṣí, irin kan sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀, lápá ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Lápá iwájú, ìdí bọ́ńpà náà ti họ díẹ̀.

Onítáyà-Ajílòsùn

ET 0 ni ìdáhùn apá kan. ET ń sọ bí ojú tí wíìlì fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín wíìlì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni wíìlì ń yọ síta. Láti +30 ti ilé iṣẹ́ sí 0, wíìlì ti yọ síta ní mílímítà 30. Nígbà tí ẹ bá wá ń yí sítíárìn, etí táyà tó wà níta á máa ya òbìrìkítí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń họ bọ́ńpà níwájú àti irin lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi sípésà wíìlì yanjú èyí ń fi kún un ni. Sípésà wíìlì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà tí táyà bá ń kan upper arm nínú lọ́hùn-ún, kò sí níbòmíràn.

Tí ẹ bá lè rí wíìlì tí ET rẹ̀ wà láàárín +15 sí +30, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé táyà kò ní kan upper arm. Tí ẹ bá sì ń ra táyà mìíràn lọ́jọ́ iwájú, 265/70R17 ni kí ẹ wò. Òun jẹ́ 802.8, mílímítà 13 péré ló fi sún mọ́ fẹ́ńdà ju ti ilé iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ àgékù rẹ̀ sì kéré gan-an. Fún ọ̀nà oko ní ìpínlẹ̀ wa, ó tó.

Nǹkan mìíràn: pẹ̀lú 285 yìí, tí aago iyára bá sọ 100, ẹ ń sá 107. Ẹ fi í sọ́kàn tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtàwùré láti Ẹ̀fọ̀n.

Tí táyà náà bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ojú táyà lè ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbó.

Páńẹ́lì-Ìlawẹ̀

Irin tó ń dán lẹ́yìn ike yẹn ni etí ibi tí wọ́n ti lẹ abala ara ọkọ̀ méjì pọ̀. Ó yọ ṣóńṣó síwájú, òun ló ń gé ojú táyà. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé hámà, ẹ mọ gbogbo ibi tó ń kàn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ojú àti èjìká táyà, ẹ yí sítíárìn dé òpin sí ọ̀tún, ẹ wakọ̀ síwájú àti sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣe ti òsì náà. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan gun òkìtì tàbí pákó tó nípọn kí sípíríǹgì rẹ̀ wọlé, ẹ sì tún yí i dé òpin. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá tàn sí ni iṣẹ́ wà. Ìdánwò orí ilẹ̀ tẹ́jú nìkan kò tó.

Ike ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ yọ kílípù rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ̀ ọ́, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ sì fi wáṣà fẹ̀ àti skúrù dè é. Ẹ má gé e dànù pátápátá. Òun ló ń dí ẹrẹ̀ mọ́ wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti mọ́ etí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni etí irin. Ẹ tẹ ibi tí táyà ń kàn nìkan, bí íǹṣì 4 sí 6 ní gígùn, ẹ fi hámà gbá a díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi sùn mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún kí ẹ tó gbá a, kí ẹ má gbá wáyà pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá gbá a tán, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí àárín rẹ̀ á ti sán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin họ ojú rẹ̀, ẹ kun ún ní ọ̀dà ìpata, ẹ fi gọ́ọ̀mù ara ọkọ̀ dí i, ẹ sì tún kun ún. Àwọn tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán ń rí omi lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nígbà òjò, lẹ́yìn náà ni ìpata á wá jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ibi tí ara ọkọ̀ ti jókòó lórí férémù, tí róbà ńlá wà ní àárín wọn, igun irin rẹ̀ kò jìnnà sí táyà. Pẹ̀lú 285 àti ET 0, ó ṣeé ṣe kó máa kàn án. Àwọn kan ń gé igun yẹn, wọ́n á sì lẹ irin pẹlẹbẹ bò ó. Iṣẹ́ náà dára bí ẹni tó mọ wẹ́dà bá ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbé ara ọkọ̀ dúró, nítorí náà ẹ má gé e kí ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó tan iná, kí wọ́n sì bo páìpù bíréèkì àti páìpù epo. Ní tèmi, ẹ pààrọ̀ wíìlì kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹnjiníà-Ìkọ̀lé

Aláínmẹ́ńtì náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé iwájú sókè, kásítà (bí ìdè òkè wíìlì ṣe tẹ̀ sẹ́yìn) ń kéré sí i, ìyẹn ni pé wíìlì ń sún sẹ́yìn díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ irin tó ń kàn yẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá dín gíga kù, ẹ gbé e lọ sí ibi aláínmẹ́ńtì kọ̀ǹpútà, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi bólútì lower arm fa wíìlì síwájú bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí kámbà (bí wíìlì ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) sì wà ní ìtòsí òdo. Mílímítà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mílímítà díẹ̀ náà ni ẹ ń wá. Bólútì wọ̀nyẹn sábà máa ń pata mọ́ bùṣì. Ẹ bu epo sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Òsì 578, ọ̀tún 565: mílímítà 13 ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sípésà méjèèjì dọ́gba, tàbí sípíríǹgì ọ̀tún ti rẹ̀. Apá tó ga jù náà ni róbà rẹ̀ ti ya lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹkáníìkì-Ìkẹ́rẹ́

Níwọ̀n ìgbà tí jọ́íǹtì kò tíì dún, a lè gbà á là. Tó bá ti ń dún kọ́kọ́kọ́ nígbà tí a bá ń yíjú, ẹ má fi róbà tuntun bo ọ̀ràn tó ti parí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Kí ẹ tó gbé jáàkì, ẹ ṣí ìdérí àárín wíìlì, ẹ yọ split pin (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di nọ́ọ̀tì mú), kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tì ṣáàfù nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 35 ló ń gbà á, ó sì le. Ẹ fi páìpù gùn ọwọ́ sípánà. Lẹ́yìn náà ẹ dí táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé férémù, ẹ fi sítáǹdì sí i. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ tú wáyà ABS àti họ́òsì bíréèkì kúrò níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ knuckle (irin tó gbé họ́ọ̀bù dúró) kí ẹ tó fa ohunkóhun. Ẹ wá tú bólútì méjì tó so ball joint ìsàlẹ̀ mọ́ knuckle, kò sí ìdí láti lu ball joint fúnra rẹ̀. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sí orí ṣáàfù kó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ẹ fi igi lé e, kí ẹ tó gbá a, kí tíréèdì má baà bàjẹ́.

Lọ́dọ̀ dífù, ẹ fi ọ̀pá irin yọ jọ́íǹtì inú síta. Òrùka kan ló dì í mú nínú lọ́hùn-ún, á já jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má di ṣáàfù fúnra rẹ̀ mú kí ẹ máa fà á, jọ́íǹtì inú á tú nínú róbà. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ nítorí epo dífù á dà díẹ̀, ẹ sì ṣọ́ oil seal (róbà tó ń dí epo) bí ṣáàfù ti ń jáde. Ẹnu òrùka yẹn lè ya á.

Jọ́íǹtì ìta lórí ṣáàfù Toyota yìí, a kì í tú u kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ róbà ìta, jọ́íǹtì inú ló máa tú, róbà ìta á sì gba ẹ̀yìn yẹn jáde. Àwọn tó ń gbá jọ́íǹtì ìta ní hámà láti yọ ọ́ ń ba ṣáàfù jẹ́. Nítorí náà ẹ ra róbà méjèèjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ gé kílípù àtijọ́. Kí ẹ tó yọ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú jọ́íǹtì inú, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí òun, ilé rẹ̀ àti ṣáàfù, kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà. Ẹ yọ òrùka rẹ̀, ẹ fi irin rírọ̀ gbá àárín rẹ̀ jáde, kí ẹ má kan róólà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Nínú jọ́íǹtì ìta bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà. Ẹ tẹ jọ́íǹtì náà sọ́tùn-ún sósì, ẹ wo ojú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan àti ojú ọ̀nà tí ó ń gbà rìn. Tí ẹ bá rí ihò kéékèèké, tàbí irin tó ti di búlúù nítorí ooru, jọ́íǹtì náà ti lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ṣé kàráósíìnì ni kí a fi fọ̀ ọ́ àbí bẹntiróò? Ṣé gírísì pupa tí wọ́n ń fi sí bẹ́ríǹ ṣeé lò níbẹ̀? Àti róbà tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láìtú ṣáàfù ńkọ́?

Mẹkáníìkì-Ìkẹ́rẹ́

Kàráósíìnì dára, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, torí èyí tó bá kù nínú rẹ̀ á sọ gírísì tuntun di omi. Bẹntiróò tètè gbẹ, àmọ́ ẹ jìnnà sí iná wẹ́dà.

Gírísì bẹ́ríǹ lásán kọ́. Èyí tó dúdú tó ní mólíbídénọ́ọ̀mù nínú ni ti jọ́íǹtì, ó sábà máa ń wà nínú páálí róbà. Ẹ lo gbogbo rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ àárín bọ́ọ̀lù dáadáa, kí èyí tó kù wà nínú róbà. Ẹ má fi gírísì mìíràn kún un kó lè pọ̀. Tí róbà bá kún jù, á wú, á sì máa tì gírísì gba etí kílípù.

Róbà gọ́ọ̀mù náà, fún ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà tó ń wá bí ó ṣe máa délé ni. Lórí ṣáàfù tó da gẹ̀rẹ́ báyìí, ojú lílẹ̀ rẹ̀ á máa là ní gbogbo ìyípo, kò ní pẹ́.

Awoṣáàfù-Adó

Kí n parí ti ọ̀gá lórí bí a ṣe ń dá a padà. Ẹ fi téèpù wé eyín orí ṣáàfù kí ẹ tó ti róbà gba orí rẹ̀, kí eyín náà má gé ẹnu róbà. Ẹnu kékeré róbà ní ibi tí a gbẹ́ fún un lára ṣáàfù, kó jókòó síbẹ̀ gan-an. Kí ẹ tó fún kílípù, ẹ fi ẹnu skúrùdíráfà tín-ínrín gbé etí róbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde, kí ìṣẹ́po má baà wọnú tàbí kó wú. Kílípù irin elétí tí a ń fi pẹ́ńsà fún ni kí ẹ lò. Wáyà ìdì ń gé róbà, ike ìdè ń tú nígbà tí jọ́íǹtì bá gbóná.

Nípa irú róbà: èyí tó rọ̀ gan-an, tó ń nà, ń fara da igun, ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi tàbí òkúta kan ló máa ya á. Èyí tó le bí ike ń fara da òkúta, àmọ́ tí ìṣẹ́po rẹ̀ bá ti ń kanra ó ń lu. Tí ẹ bá dín gíga kù bí a ti sọ, ẹ mú èyí tó le. Ẹ má ra ṣáàfù odidi tí kò ní orúkọ kìkì nítorí pé ó dọ́ṣọ̀. Ṣáàfù tòkúnbọ̀ ti Toyota láti Ládípọ̀, tí ẹ bá fún un ní róbà tuntun, sábà máa ń sàn jù ú lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń ti ṣáàfù wọ dífù, ẹ fi epo kun ètè oil seal, kí ẹnu òrùka kọjú sísàlẹ̀, ẹ gbá a títí ẹ ó fi gbọ́ tó wọlé. Ẹ fà á díẹ̀ láti mọ̀ pé ó ti dì. Nọ́ọ̀tì ṣáàfù, ẹ fún un dé 235 Nm, split pin tuntun. Nọ́ọ̀tì wíìlì, 112 Nm. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, kódà ní ìsún díẹ̀, láìsí ṣáàfù nínú họ́ọ̀bù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní fífún, torí òun ló di bẹ́ríǹ mọ́ra. Ẹ wá ṣí bólútì òkè dífù, ẹ bu epo GL-5 75W-90 sí i títí yóò fi fẹ́ máa dà jáde lẹ́nu ihò náà.

Awakọ̀-Hilux-Ọ̀mùò

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú làálàá. Lórí Hilux tó ń kó pákó àti ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n fi kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kó lè ga, ṣé ohun tí ẹ sọ yìí kan òun náà? Ẹ̀yìn kò ní róbà ṣáàfù.

Ẹnjiníà-Ìkọ̀lé

Iwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tó jáde láti 2005 síwájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú ìyẹn, ọ̀pá tó ń lọ́ ni sípíríǹgì iwájú wọn. Àwọn kan ń fún bólútì ọ̀pá náà kó ga, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀pá náà lágbára sí i, igun ṣáàfù nìkan ló ń fi kún.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ṣọ́ra sí jù. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux, fáàfù bíréèkì kan wà tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ áàsù ẹ̀yìn. Ó ń wo bí ẹ̀yìn ṣe ga tó láti mọ̀ bóyá ẹrù wà. Tí ẹ̀yìn bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, pẹ̀lú ẹrù pákó lórí rẹ̀. Ẹ fi irin ìdè gbé ìdí ọ̀pá náà sókè ní ìwọ̀n tí ẹ fi gbé ẹ̀yìn sókè. Fún gbogbo ọkọ̀ tí a gbé sókè, 4Runner náà pẹ̀lú: ẹ gbé férémù kí wíìlì sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, ẹ wo họ́òsì bíréèkì àti wáyà ABS. Tí wọ́n bá ti nà gbọnrangandan, họ́òsì tó gùn ni kí ẹ rà, ẹ má kàn tú ìdè rẹ̀ sílẹ̀ kó máa fì. Táyà á gé e.

Olóko-Ìjerò

Ọlọ́run á san án fún yín o. Sípésà íǹṣì 1 fún òsì àti ọ̀tún, róbà méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wíìlì ET +15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike àti etí irin, lẹ́yìn náà aláínmẹ́ńtì. Ṣé bó ṣe máa tẹ̀ léra nìyẹn?

Mẹkáníìkì-Ìkẹ́rẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára bí ẹ ti fi wíìlì ṣáájú etí irin, ó ṣeé ṣe kí etí irin má nílò hámà mọ́. Tí ẹ bá ti lọ oko bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fọ abẹ́ fẹ́ńdà, ẹ fi ọwọ́ nu etí kílípù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí gírísì bá wà lọ́wọ́ yín, kílípù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ tó bú róbà.